Òfin owó-orí epo tó sùn fún ogún ọdún: báwo la ṣe fẹ́ ṣe èyí tí yóò máa bá ọjà rìn?

Àlàbí Oníṣirò (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síbí ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ọdún 1998 ń parí lọ, àgbá epo rọ̀bì kan ò ju nǹkan bíi dọ́là 10 lọ lọ́jà àgbáyé. Oṣù Kẹta ọdún 1999 ni ìjọba Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar fọwọ́ sí òfin àdéhùn pínpín epo tó wà lábẹ́ agbami òkun. Ẹ wo ipò tí wọ́n wà: àpò ìjọba gbẹ, epo ò níye lórí, owó tí èèyàn á sì fi gbẹ́ kànga nínú omi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ni wọ́n bá dẹ ọwọ́. Àwọn tó ń wa epo lórí ilẹ̀ ń san owó-orí ìdá 85 nínú 100 èrè wọn. Wọ́n ní kí àwọn ti agbami san 50. Ìṣákọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀, ìyẹn owó tí wọ́n ń san lórí gbogbo àgbá tó bá jáde, èrè ìbáà wà, èrè ìbáà má sí, bí àgbẹ̀ tó dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe ń san án. Èyí ni wọ́n ní bí omi bá ṣe ń jìn sí i ni kó máa dín kù. Ẹni tí kànga rẹ̀ wà níbi tí omi ti jìn ju mítà 1000 lọ ò san nǹkankan.

N ò dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn. Epo tí kò sẹ́ni tó wà á, kò sówó-orí lórí rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni ìsọ̀rí 16 òfin náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àgbá epo bá ti kọjá dọ́là 20, kí wọ́n ṣàtúnyẹ̀wò òfin kí ìpín ìjọba lè pọ̀ sí i. Kò sọ iye tí ìpín náà máa di. Kò sọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Kò sọ ẹni tó máa ṣe é.

Epo kọjá dọ́là 20 kí ọdún 2000 tó parí. Ó dé 147 lóṣù Keje ọdún 2008. Ìwé òfin náà wà lórí àga, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ìgbà tí ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, Bayelsa àti Rivers gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, tí ìdájọ́ sì jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2018, ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé ìsọ̀rí náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe. NEITI, àjọ tó ń yẹ ìwé owó epo wò, ti ṣírò rẹ̀ pé láàárín 2008 sí 2017 nìkan, ohun tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ wà láàárín bílíọ̀nù 16 sí bílíọ̀nù 28 dọ́là.

Ìbéèrè mi rèé: kí la lè kọ sínú òfin owó-orí epo tí kò fi ní máa dúró de ẹni tó máa jí i?

ÌyáTáyé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Àlàbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwa tí à ń ta gààrí sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí ló dé tí ìjọba ò kàn ní sọ pé ìdá 20 nínú gbogbo àgbá tó bá jáde tèmi ni, kí kálukú gba ilé lọ? Bí epo bá wọ́n, ìdá 20 á pọ̀; bí ó bá rọ̀, á kéré. Ṣé ìyẹn ò ti máa bá ọjà rìn fúnra rẹ̀ ni?

Àlàbí Oníṣirò (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, ma. Ìbéèrè gidi lẹ bi. Ẹ jẹ́ ká fi àgbá kan ṣoṣo ṣe é. Ká ní dọ́là 30 ni wọ́n ná kí àgbá kan tó jáde.

Ẹ gba ìdá 20 yín. Bí ọjà bá jẹ́ dọ́là 60, ẹ gba 12, ẹni tó wa epo mú 18 lọ sílé. Ó dáa. Bí ọjà bá já wá sí 35, ẹ gba 7. 30 ti lọ sí ìnáwó. Ó ti jẹ gbèsè dọ́là 2 lórí àgbá kan. Kí ni yóò ṣe? Yóò ti kànga pa. Bí ọjà bá wá fò lọ sí 120, ẹ gba 24, òun gba 66. Ìgbà tó ń kú lọ lẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìgbà tó ń yọ̀ lẹ fi í sílẹ̀.

Owó-orí èrè yàtọ̀. Ká ní ìdajì èrè lẹ máa gbà. Ní dọ́là 35, èrè jẹ́ 5, ẹ pín in ní 2.50, 2.50. Ní 60, ẹ gba 15. Ní 120, ẹ gba 45. Òun gan-an ló ń bá ọjà rìn. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá wọ 25, èrè ò sí, ìjọba ò rí kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ epo ìlú ń jáde lójoojúmọ́. Oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, àgbá epo wa tà ní iye tí kò tó 20 láwọn ọjọ́ kan. Ẹ rántí pé dọ́là 57 ni wọ́n fi ṣe ìṣúná ọdún yẹn, tí wọ́n tún un ṣe sí 28.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó lépo fi ń lú méjèèjì pọ̀. Ìjà tó wà níbẹ̀ ni pé èló nínú èyí, èló nínú tọ̀hún.

Bàbá Akànrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni mí, n ò mọ epo, ṣùgbọ́n mo mọ kòkó, ohun tí Àlàbí ń sọ yìí ti ṣojú mi.

Lọ́dún 1968 sí 1969, ọmọkùnrin kékeré ni mí. Iye owó-orí tí wọ́n bù fún bàbá mi, iye yẹn náà ni, kòkó ìbáà so, kòkó ìbáà rà mọ́ igi. Ọdún yẹn kòkó ò dáa, iye tí wọ́n fi ń ra èyí tó dáa náà ò tó nǹkan. Àwọn agbowó-orí ò bi ẹnikẹ́ni pé èló lo tà. Wọ́n á wọ ilé láàárọ̀ kùtù, wọ́n á tú iyàrá. Mo rántí pé ìyá mi gbé àpótí aṣọ rẹ̀ fún mi pé kí n gbé e sá lọ sóko. Ohun tó bí Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ ò sọ pé àwọn ò ní san. Wọ́n ní òkè mẹ́fà làwọn máa san, ìyẹn ṣílè 30, kò gbọdọ̀ lé. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí wọ́n tó gbọ́.

Nǹkan kejì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò: ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó nígbà yẹn, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé bí ọjà ìlú òyìnbó bá wọ́n, àwọn á fi díẹ̀ pamọ́, bí ó bá já, àwọn á fi èyí tó wà nípamọ́ gbé àgbẹ̀ ró. Àwọn ọdún tí kòkó níyì, wọ́n fi pamọ́ lóòótọ́. Nígbà tó já, wọ́n ti fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ilé-ìwé. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ náà ni mo lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún, ọwọ́ òfìfo ló bá délé.

Adérójú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bu omi tútù díẹ̀ sí owó-orí èrè tí ẹ̀gbọ́n Àlàbí ń yìn.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ka ìwé ìnáwó ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa epo lójú omi, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Lábẹ́ àdéhùn pínpín epo, ẹni tó náwó ló máa kọ́kọ́ kó iye àgbá tó tó owó tó ná, kí wọ́n tó pín ìyókù. Lọ́jọ́ kan mo rí ìwé owó jẹnẹrétọ̀ kan tí wọ́n háyà. Oṣù Kẹta ni jẹnẹrétọ̀ náà kúrò lórí pèpéle. Ìwé ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ wà lọ́wọ́ mi, ọ̀gá ọkọ̀ ti buwọ́ lù ú. Oṣù Kẹsàn-án, owó háyà ṣì ń wọlé. Mo gbé méjèèjì lọ bá ọ̀gá mi. Ó wò wọ́n, ó dá wọn padà fún mi, ó ní, «Má dààmú ara ẹ, a máa gbà á padà nínú epo.»

Ẹ ò rí i? Bí owó-orí èrè bá jẹ́ 50, gbogbo dọ́là 100 tí wọ́n bá fi ṣòfò, 50 níbẹ̀ ti ìjọba ni. Bí ó bá jẹ́ 85, bí wọ́n bá fi 100 ṣòfò, 15 péré ló ń dun àpò wọn. Bí owó-orí èrè bá ṣe ń ga tó ni kò fi ní ká ẹnikẹ́ni lára láti ṣọ́ owó ná. Ìṣákọ́lẹ̀ ò ní àrùn yẹn. Àgbá tó jáde làgbá tó jáde: ka àgbá, wo iye ọjà, gba tìrẹ.

Àlàbí Oníṣirò (Ìbàdàn)

Àǹtí Adérójú, òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì ní jà yín níyàn. Òfin tuntun, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, gbìyànjú láti dè é. Wọ́n dá owó-orí tuntun kan sílẹ̀ lórí èrè epo rọ̀bì, ìdá 30 fún orí ilẹ̀ àti omi tí kò jìn, ìdá 15 fún àwọn oko epo kéékèèké, agbami ò san án rárá. Owó-orí ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń san sì tún wà lọ́tọ̀. Wọ́n wá ní ìnáwó tí ẹnikẹ́ni máa yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí náà ò gbọdọ̀ ju ìdá 65 nínú owó tó wọlé lọ. Ìyókù, kó gbé e lọ sí ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ fi àgbá wa dán an wò. Ọjà jẹ́ 35, ó ná 30. Ìdá 65 nínú 35 jẹ́ 22.75. Nítorí náà òfin á wò ó bí ẹni tó jèrè 12.25, bẹ́ẹ̀ 5 péré ló jẹ. Ẹ rí i pé nígbà tí ọjà bá já, òdiwọ̀n yìí á yí padà di ìṣákọ́lẹ̀ mìíràn lẹ́yìn. Ó mú olè, àmọ́ ó tún gbá ẹni tí kànga rẹ̀ kàn ti darúgbó tí ìnáwó rẹ̀ sì ga. Èmi fara mọ́ ọn bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe.

Bọ̀dún (Aberdeen)

Ẹ káàsán o. Ọdún kẹtàlá mi rèé nílùú yìí, iṣẹ́ epo ló gbé mi wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Nígbà tí ogun Ukraine mú kí gáàsì àti epo fò sókè, ìjọba Bìrìtìkó gbé owó-orí kan lé wa lórí lóṣù Karùn-ún ọdún 2022 nítorí èrè tó ga lójijì, ìdá 25. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ó di 35. Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ó di 38. Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn owó-orí tó wà tẹ́lẹ̀ jẹ́ 78. Wọ́n kọ́kọ́ ní yóò parí ní òpin 2025; wọ́n sún un sí 2028; wọ́n sún un sí 2029; ní báyìí ó ti di oṣù Kẹta 2030. Láàárín ìgbà yẹn, iye gáàsì ti wálẹ̀ gan-an, owó-orí ń gòkè. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń wọ hẹlikópútà lọ sójú òkun ti ń wakọ̀ bọ́ọ̀sì báyìí.

Ẹ wá wo Norway tó wà lódìkejì omi kan náà. Ìdá 78 làwọn náà ń gbà, iye kan náà géérégé! Àwọn ilé-iṣẹ́ ò sì sá lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé 78 yẹn ò yí padà nígbà tí epo wọ́n, kò sì yí padà nígbà tó rọ̀. Bí o bá gbẹ́ kànga tí kò sí epo nínú rẹ̀, ìjọba bá ọ pín gbèsè náà ní ìwọ̀n kan náà. Ọmọ ìyá ni wọ́n nínú èrè, ọmọ ìyá ni wọ́n nínú àdánù. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń ṣe òfin yín, ẹ má tẹjú mọ́ iye ìdá nìkan. Ẹni tó fẹ́ ri owó mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún fẹ́ mọ ohun tí òfin máa ṣe ní dọ́là 40 àti ní dọ́là 140, kó tó fi ẹsẹ̀ sínú omi.

Kọ́lá_Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n Bọ̀dún, ẹ má bínú, ṣé à ń bẹ̀ wọ́n ni? Epo wa ni. Ìgbà tó wọ́n, ká gba gbogbo ẹ̀. Ṣé wọ́n á gbé kànga sórí lọ ni?

Bọ̀dún (Aberdeen)

Àbúrò, kànga tó ti wà níbẹ̀ ò ní rìn, òótọ́ ni. Èyí tí wọn ò tíì gbẹ́ ni kò ní wáyé. Oko epo Egina bẹ̀rẹ̀ sí í mú epo jáde nínú agbami wa ní òpin ọdún 2018. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di oṣù Kejìlá ọdún 2024 kí ẹnìkan tó tún fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá tuntun nínú agbami, ti Bonga North, bílíọ̀nù 5 dọ́là. Ọdún mélòó nìyẹn? Òfin tuntun tí wọn ò parí fún nǹkan bí ogún ọdún wà lára ohun tó fà á, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iye tí wọ́n máa ní kí òun san.

ỌmọÌlàjẹ

Mo ti ń kà á láti àárọ̀, mo ní kí n má sọ̀rọ̀, kò ṣeé ṣe.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Epo ń jáde lápá ọ̀dọ̀ wa. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ayétòrò lọ. Ibi tí ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà, ọkọ̀ ojú omi ló ń kọjá lórí rẹ̀ báyìí. Nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń pín àgbá kan yẹn, dọ́là 15 síbí, dọ́là 7 sọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ ká wo tiwa náà.

Ìdá 13 tí wọ́n ń yọ fún ìpínlẹ̀ tó lépo ń bá ọjà gòkè, ó ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ gómìnà ni ìyẹn ń wọ̀. Òfin 2021 wá ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan dá àpò kan sílẹ̀ fún ìlú tó gbà á lálejò. Inú wa dùn. Ìdá 3 ni wọ́n á máa fi síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìdá 3 nínú kí ni? Nínú owó tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe nínú epo, kì í ṣe nínú èrè. Bí epo bá di dọ́là 120 lọ́la, kò kan àpò wa. Bí bọ́ǹbù bá dún lábẹ́ páìpù, wọ́n á yọ owó àtúnṣe nínú àpò náà, ìbáà jẹ́ àlejò láti ibòmíràn ló fọ́ ọ. Ẹ sọ fún mi, ṣé àwa náà ò sí nínú ọjà ni?

Àlàbí Oníṣirò (Ìbàdàn)

Ọmọ Ìlàjẹ, ẹ kú ìfaradà. N kò ní ìdáhùn tó lè tẹ́ yín lọ́rùn. Ọ̀kan péré ni mo rí sọ: nítorí pé àpò náà kò bá ọjà gòkè, kò ní bá a já bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́dún bíi 2020, ìyẹn ní iye. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó àtúnṣe yẹn, ìwà ìrẹ́jẹ ni mo kà á sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Nínú òfin 2021, ohun kan wà tí mo rò pé wọ́n ṣe dáadáa. Yàtọ̀ sí ìṣákọ́lẹ̀ tó wà lórí àgbá (15 lórí ilẹ̀, 12.5 nínú omi tí kò jìn, 7.5 nínú agbami), wọ́n dá ìṣákọ́lẹ̀ mìíràn sílẹ̀ tó ń wo iye ọjà. Bí àgbá kò bá kọjá dọ́là 50, òdo ni. Bí ó bá dé 100, ìdá 5. Bí ó bá dé 150, ìdá 10, kò sì ní lé mọ́. Láàárín wọn, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń gun òkè tó tẹ́jú. Ní dọ́là 80, ìdá 3 ni, ìyẹn dọ́là 2.40 lórí àgbá kan. Ní 120, ìdá 7 ni, dọ́là 8.40. Àtúnṣe 2019 fi í sí ipele ipele bí àtẹ̀gùn. Èyí tún dára ju ìyẹn lọ, nítorí kò sí ibi tí dọ́là kan ṣoṣo ti máa gbé ènìyàn fò.

Kò sí ẹni tó ní láti jí òfin yìí. Kò nílò ilé-ẹjọ́, kò nílò gómìnà mẹ́ta. Ká ní wọ́n kọ ọ́ báyìí lọ́dún 1999 ni, ọdún 2008 ìbá ti san tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ o, ẹni tó fẹ́ lè dúró sórí òfin àtijọ́ títí ìwé àṣẹ rẹ̀ yóò fi parí.

Bàbá Akànrán, ọ̀rọ̀ yín nípa owó ìpamọ́ ló wà níbi tó kù. Wọ́n ní owó ìṣákọ́lẹ̀ tó ń wo iye ọjà yìí kò gbọdọ̀ wọ àpò tí wọ́n ń pín lóṣooṣù; àpò ìfipamọ́ orílẹ̀-èdè, NSIA, ló ń lọ. Ẹ ò ní gbàgbé èyí tó ṣíwájú rẹ̀, àpò àjẹṣẹ́kù epo tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004. Ó ju bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ nígbà tí 2008 ń parí. Nígbà tí 2010 fi máa dé àárín, kò tó 4. Kì í ṣe òfin ló dá àpò yẹn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àdéhùn láàárín àwọn ìjọba ni. Èyí wà nínú òfin.

Adérójú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ ká yọ̀ jù. Ọdún 2022 ńkọ́? Epo kọjá dọ́là 120 lóṣù Kẹfà. Oṣù Kẹjọ, epo tí orílẹ̀-èdè yìí mú jáde ò tó mílíọ̀nù kan àgbá lóòjọ́, nítorí olè. Owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù sì gbé èyí tó wọlé jẹ. Ìdá 7 nínú àgbá tí wọ́n ti jí lọ, èló ni?

ÌyáTáyé

Ó dáa, ó ti yé mi báyìí. Mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìṣákọ́lẹ̀ tó ń wo iye ọjà yìí, ọjà ta ni ó ń wò? Nítorí ní Bódìjà, bí mo bá fẹ́ san owó tí ò tó, iye tí mo bá sọ pé mo ta gààrí ni mo máa dín kù. Bí ẹni tó wa epo bá ta á fún ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà lókè òkun ní dọ́là 50, tí ìyẹn tún un tà ní 80, òdo ni yóò san nìyẹn?

Àlàbí Oníṣirò (Ìbàdàn)

Ma, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún. Wọn kì í lo iye tí ẹni tó tà á bá sọ. Àjọ tó ń ṣàkóso ìwakùsà epo ló ń kéde iye tí wọ́n máa fi ṣírò fún oríṣi epo kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo iye tí epo Brent, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye epo mìíràn, ń tà lọ́jà àgbáyé. Epo Bonny Light ní tirẹ̀, ti Forcados ní tirẹ̀. Tí mo bá dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, màá gbé ìṣírò oṣù kan síbí, láti àgbá àkọ́kọ́ dé dọ́là tó wọ àpò NSIA, kí ẹ lè fi ìka tẹ ibi tó bá rú yín lójú.